Bí A Ṣe Ń Wakọ̀ La Aginjù Ọsirélíà Já, Láti Adelaide Dé Darwin

Ọ̀nà kan wà ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà tó gba àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà kọjá láti gúúsù dé àríwá. Stuart Highway lorúkọ rẹ̀. Port Augusta ló ti bẹ̀rẹ̀, etí òkun Darwin ló parí sí, gígùn rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 2,700. Ẹni tó bá gbéra láti ìlú Adelaide máa rin nǹkan bíi 3,000 kìlómítà kó tó dé Darwin, ìyẹn bíi Èkó sí Kánò lẹ́ẹ̀mẹta. Àmọ́ láàárín Èkó sí Kánò, ibi yòówù kí mọ́tò yín dákú sí, kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí ọmọ tó ń kiri omi inú ọ̀rá àti gúgúrú. Lójú ọ̀nà tí mò ń sọ yìí, ẹ lè fi wákàtí méjì gbáko wakọ̀ kí ẹ má rí ilé kan ṣoṣo, kí fóònù yín má sì mú nẹ́tíwọọ̀kì rárá.

Outback ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe gbogbo ilẹ̀ pupa gbígbẹ yẹn. Mo ti wakọ̀ là á já lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Bí mo bá ti dárúkọ ibẹ̀ láàárín àwọn èèyàn wa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ejò ńkọ́? Ejò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì lóró. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó jìn àti omi tó ṣọ̀wọ́n ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù kí ẹ tó bẹ̀rù ejò. Gbogbo ohun tí mo máa kọ sísàlẹ̀ yìí, orí méjèèjì yẹn ló dá lé.

Oṣù tó yẹ kẹ́ ẹ lọ

Nígbà tí òtútù bá ń mú ní London, ooru ló ń mú ní Ọsirélíà. Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì ni oòrùn wọn máa ń le jù, oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni òtútù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé ìsinmi Kérésì nìkan la máa ń ráyè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ má fi ìsinmi Kérésì lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1960, ooru ìlú Oodnadatta, tó wà nínú aginjù yìí kan náà, dé dígírì 50.7. Lápá Darwin, ìgbà òjò ni lásìkò yẹn, láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹrin. Odò á kún bo ojú títì, ẹ̀yin á sì jókòó sápá kan máa wò ó.

Ẹ lọ láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀sán á tu ara, ojú ọ̀run á mọ́ kedere. Àmọ́ ẹ kó bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn dání, torí ní oṣù Keje, òru Alice Springs, ìlú tó wà láàárín gbùngbùn aginjù náà, lè tutù débi tí omi á dì. Ọyẹ́ ilé wa kò tó èyí.

Ìwé ìrìnnà àti ẹrù ilé

Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà máa gba físà àlejò, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 600, á sì mú káàdì yẹ́lò rẹ̀ dání, ìyẹn ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ìwé ìwakọ̀ tiwa wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àlejò sì lè fi wakọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ gba ti àgbáyé mọ́ ọn, torí àwọn tó ń yá ni ní mọ́tò sábà máa ń béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ilé ló yẹ kí n dúró lé díẹ̀. Kò sí ìyá tó máa jẹ́ kí ọmọ òun lọ lọ́wọ́ òfo: egúsí á wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ á wà níbẹ̀, obì àti orógbó á wà níbẹ̀. Ọsirélíà kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ irúgbìn àti ẹran tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa fún yín nínú ọkọ̀ òfuurufú. Èyí tí ẹ bá kọ, tí wọn ò bá gbà á láyè, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, ó tán síbẹ̀. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ ni wọ́n máa fi bu owó ìtanràn lé yín, wọ́n sì lè torí ẹ̀ gba físà. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá wakọ̀ láti Melbourne tàbí Sydney wọ ìpínlẹ̀ South Australia: ẹ jẹ èso inú mọ́tò yín tán kí ẹ tó dé ẹnu ààlà, tàbí kí ẹ dà á sínú àpótí tí wọ́n gbé síbẹ̀, nítorí kòkòrò tó ń ba èso jẹ́ ni wọ́n ń sá fún.

Mọ́tò: ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án

Títì ọlọ́dà ni Stuart Highway láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mọ́tò kékeré tí ara rẹ̀ le á rìn ín dáadáa, ẹ ò nílò jíìpù àyàfi bí ẹ bá fẹ́ ya ọ̀nà erùpẹ̀, irú bíi Oodnadatta Track tó gùn tó nǹkan bíi 620 kìlómítà láti Marree dé Marla. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, mo bẹ̀ ẹ́, kó fi ọ̀nà erùpẹ̀ sílẹ̀. Òjò díẹ̀ péré ló máa rọ̀ tí ilẹ̀ ibẹ̀ á fi di ẹrẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ táyà bí àmàlà, ìjọba á ti ọ̀nà pa, owó ìtanràn ẹni tó bá wọ ọ̀nà tí wọ́n tì kì í sì í ṣe kékeré. Bí ẹ bá yá mọ́tò, ẹ ka ìwé àdéhùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbàjẹ́ tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà erùpẹ̀, tàbí ní ẹ̀yìn odi ìlú lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọrùn ẹni tó yá a ló wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó yẹ rédíétọ̀ àti àwọn rọ́bà rẹ̀ wò, bẹ́líìtì, bátìrì, ọ́ìlì, bíréékì àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá ṣe tán, kí ẹ̀yin náà tún un wò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, mẹkáníìkì sọ fún mi pé òun ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo gbà á gbọ́, mi ò ṣí búùtù. Bí a ṣe kúrò ní Glendambo tó bíi 80 kìlómítà ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Mo yọ sípíà táyà jáde, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ wọlé bíi búrẹ́dì tó rin. Kò sí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀. Mo máa sọ bí a ṣe bọ́ tó bá yá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án. Ẹ gbé sípíà jáde nínú ọgbà ilé yín, ẹ wọn atẹ́gùn rẹ̀. Ẹ gbé mọ́tò sókè lórí jáàkì tí ẹ máa gbé lọ gan-an. Ẹ fi sípánà tí ẹ máa gbé lọ gan-an tú nọ́ọ̀tì táyà kan, kí ẹ sì dì í padà. Àwọn fọkanáísà ayé ìsinsìnyí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dì í, ó máa ń le débi tí ọwọ́ lásán ò lè tú u. Ilé ló yẹ kẹ́ ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ ra pọ́ọ̀ǹpù kékeré tó ń lo iná mọ́tò. Ẹ mú okùn tí wọ́n fi ń fa mọ́tò dání, wáyà bátìrì, tọ́ọ̀ṣì, àpótí oògùn, fìlà abetí fífẹ̀, àti àwọ̀n tí ẹ lè fi bo ojú, torí eṣinṣin ibẹ̀ á fẹ́ wọ inú ojú àti imú yín láti mu omi tó wà níbẹ̀. Ẹ kó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta tí kò nílò iná: ẹ̀pà, kúlíkúlí, bísíkíìtì, ẹja inú agolo. Gàrí dára, èmi náà kì í fi sílẹ̀, àmọ́ omi ni gàrí ń jẹ. Ẹ ka omi gàrí mọ́ omi yín.

Omi

Omi ò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ la máa ń sọ, àmọ́ ẹni tó dàgbà síbi tí òjò ti ń rọ̀ oṣù méje ò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ní Èkó, bí oòrùn bá mú, ṣẹ́ẹ̀tì yín á rin gbindingbindin, ẹ̀yin fúnra yín á mọ̀ pé omi ń jáde lára. Nínú aginjù Ọsirélíà, atẹ́gùn gbẹ débi pé òógùn á ti gbẹ kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ làágùn. Ṣẹ́ẹ̀tì yín á gbẹ, ara yín á dà bíi pé kò sí nǹkan, orí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín lọ́sàn-án. Iyọ̀ funfun tí ẹ máa rí létí fìlà lálẹ́ ló máa sọ fún yín bí omi tó jáde ṣe pọ̀ tó.

Ìṣirò mi rèé. Lójú títì ńlá, ẹ ní lítà mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn àfi bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tí ẹ̀ ń mu lójoojúmọ́. Ẹni tó bá máa wọ ọ̀nà erùpẹ̀, lítà mẹ́wàá lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni kó ṣírò, kó sì fi ọjọ́ mélòó kan lé iye ọjọ́ tó rò pé òun máa lò. Ẹ má rọ gbogbo rẹ̀ sínú garawa ńlá kan ṣoṣo. Ẹ pín in sínú kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún márùn-ún, kí ó má baà jẹ́ pé bí ọ̀kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ló lọ.

Ẹ máa bu omi mu kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ẹ wo àwọ̀ ìtọ̀ yín: bó bá ti pọ́n bíi tíì, omi tí ẹ mu kò tó. Àwọn ọmọdé kì í sọ, nítorí náà ìyàwó mi máa ń fún wọn ní ìgò tiwọn tí a ti kọ orúkọ sí, bí ìgò bá ṣì kún nígbà tí a bá dúró, ó di dandan kí wọ́n mu ún kí wọ́n tó rí bísíkíìtì gbà.

Nǹkan méjì tún wà. Omi ẹ̀rọ tó ń yọ ní àwọn ilé epo kan, inú kànga ilẹ̀ ni wọ́n ti fà á, ó níyọ̀, wọn kì í mu ún. Ẹ béèrè kí ẹ tó pọn. Èkejì: omi rédíétọ̀ kì í ṣe omi mímu bó ti wù kí òùngbẹ gbẹ yín tó. Oògùn tí wọ́n ń dà sí i kí ó má baà hó, májèlé ni.

Epo

Láti Port Augusta dé Pimba, nǹkan bíi 170 kìlómítà. Pimba sí Glendambo, bíi 115. Glendambo sí Coober Pedy, bíi 250, kò sì sí ilé epo kankan láàárín wọn. Coober Pedy sí Marla, bíi 235. Marla sí Kulgera, 180. Kulgera sí Erldunda, bíi 75. Erldunda sí Alice Springs, 200.

Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú mọ́tò. Òfin tèmi ni pé ibi yòówù tí mo bá ti rí epo, mo máa kún táǹkì, bó tilẹ̀ ku ju ìdajì lọ. Ó wọ́n ju ti ìlú lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí epo tán fún lójú ọ̀nà yẹn máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ilé epo yìí, roadhouse ni wọ́n ń pè wọ́n, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí oúnjẹ, bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìwẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tì lálẹ́, ẹ pe fóònù wọn ṣáájú kí ẹ tó fọkàn tán an.

Bí ẹ bá dé àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ẹ lè rí i pé pẹtiróòlù tí wọ́n ń tà yàtọ̀, Opal lorúkọ rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù láti rà á, mọ́tò tó ń lo pẹtiróòlù tí a mọ̀ máa lò ó láìsí wàhálà. Wọ́n ṣe é lọ́nà tí kò fi ní máa pa ẹni tó bá fínmú sí i bí ọtí, torí àwọn ọ̀dọ́ tí fífínmú sí pẹtiróòlù ti ba ayé wọn jẹ́ ní àwọn abúlé ibẹ̀. Inú mi máa ń dùn láti san owó rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan

Ní 1860, ikọ̀ kan jáde láti Melbourne láti la ilẹ̀ náà já, Robert O'Hara Burke ni olórí wọn, William John Wills ló wá di igbákejì. Wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ létí odò Cooper Creek pé kí wọ́n dúró de àwọn. Àwọn yẹn dúró ju oṣù mẹ́rin lọ. Nígbà tí wọn ò rí ẹnikẹ́ni, wọ́n ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ nídìí igi kan, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sára igi náà pé kí ẹni tó bá dé gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n sì gbéra láàárọ̀ ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin ọdún 1861. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Burke, Wills àti John King wọ́ dé. Wọ́n hú oúnjẹ náà, wọ́n ri lẹ́tà tiwọn sínú ihò yẹn, wọ́n bò ó padà bó ṣe wà, wọ́n sì lọ. Wọn ò fi àmì tuntun kankan sára igi. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀, olórí àwọn tó ti lọ padà wá wo ibẹ̀, ó rí i pé gbogbo nǹkan wà bí òun ṣe fi í sílẹ̀, ló bá yí ẹ̀yìn padà. Burke àti Wills kú sínú aginjù náà. King nìkan ló yè é, nítorí àwọn onílẹ̀, àwọn Yandruwandha, gbà á sọ́dọ̀, wọ́n sì fún un ní oúnjẹ títí àwọn tó ń wá wọn fi dé.

Nígbàkigbà tí mo bá rántí àmì kan ṣoṣo tí wọn ò fi sára igi yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ. Nítorí náà, ẹ jókòó kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀nà tí ẹ máa gbà, ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mọ́tò, àwọ̀ rẹ̀, iye èèyàn tó wà nínú rẹ̀, àti wákàtí tí ẹ máa pè lójoojúmọ́. Ẹ fún ẹnì kan tó ṣe é gbọ́kàn lé, ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́, kí ẹ sì fẹnu kò pé bí ẹ ò bá pè títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kó pe ọlọ́pàá. Bí ẹ bá yí ètò padà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un kí ẹ tó yà.

Ní ti fóònù, ilé iṣẹ́ Telstra ló dé ibi tó pọ̀ jù, síbẹ̀ ìlú dé ìlú ni, láàárín wọn ẹ ò ní rí nǹkan. Nọ́ńbà pàjáwìrì wọn ni 000. Níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ò sí, ohun tó lè ké fún yín ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PLB, tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ibùdó ìgbẹ̀mílà tó wà ní Canberra á mọ ibi tí ẹ wà. Wọn kì í gba owó láti fi orúkọ yín sílẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ Australian Maritime Safety Authority, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ àfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Bó bá jẹ́ àìsàn tàbí ìjàǹbá, ọkọ̀ òfuurufú àwọn dókítà lè wá gbé yín. Royal Flying Doctor Service ni wọ́n ń jẹ́, John Flynn ló dá a sílẹ̀ ní 1928. Ojú Stuart Highway náà ní ibi tí wọ́n ti sàmì sí títì kí ọkọ̀ wọn lè balẹ̀ síbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dúró, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹni tó ronú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Lójú títì

Apá òsì ni wọ́n ń gbà, apá ọ̀tún sì ni sítíárín wà. Ẹni tó kọ́ mọ́tò ní Nàìjíríà máa nílò ọjọ́ méjì kí ara rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n, ẹ fi ọjọ́ méjì yẹn wakọ̀ láàárín Adelaide. Ní South Australia, 110 kìlómítà ní wákàtí kan ni òfin gbà. Bí ẹ bá wọ Northern Territory, àwọn ibì kan gbà dé 130. Èmi kì í kọjá 110 níbikíbi.

Ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni kangaróò máa ń jáde wá jẹ koríko ẹ̀bá títì, ó tún máa ń jáde láfẹ̀mọ́júmọ́. Iná mọ́tò máa ń dà á láàmú, ó lè fò sá lọ, ó sì lè fò padà sí iwájú yín. Bó bá bọ́ síwájú yín, ẹ tẹ bíréékì lójú ọ̀nà gbọọrọ, ẹ má fọwọ́ já sítíárín, torí àwọn tó ń yà fún un ló ń dojú dé. Màlúù náà wà, kò sì sí ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbi púpọ̀. Lọ́sàn-án, ẹ ṣọ́ra fún ẹyẹ idì ńlá tó ń jẹ òkú ẹran lójú títì. Ó wúwo, kì í tètè gbéra, ẹ rọra dín eré kù títí á fi fò.

Ohun tó máa kọ́kọ́ bà yín lẹ́rù ni tírélà wọn. Orí kan ló máa ń fa ẹ̀yìn mẹ́ta, gígùn gbogbo rẹ̀ lè dé mítà 53.5. Ẹ máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni pé omi ló léfòó lé lórí, nítorí ooru tó ń gbọ̀n lójú ọ̀dà. Bó bá ń bọ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárín mú ṣinṣin, ẹ sún mọ́ apá òsì díẹ̀. Atẹ́gùn iwájú rẹ̀ á kọ́kọ́ tì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ẹ̀yìn rẹ̀ á sì fà yín padà. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá lára rẹ̀, ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá rí ọ̀nà gbọọrọ tó mọ́ tó kìlómítà kan ó lé. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sáré lọ ṣe. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì 40 rédíò UHF, bí ẹ bá ní in nínú mọ́tò, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá iwájú dára.

Ẹ máa dúró sinmi ní wákàtí méjì méjì. Ọ̀nà náà gún régé bí okùn tí wọ́n nà, orun rẹ̀ sì máa ń jí ni gbé. Ẹ tún máa rí i pé gbogbo ẹni tó bá pàdé yín lọ́nà á gbé ìka kan sókè lórí sítíárín láti kí yín. Ẹ kí wọn padà. Ó máa ń ṣe mí bí ìgbà tí mo bá kọjá níwájú àwọn àgbà lábúlé wa.

Bí mọ́tò bá dákú

Ẹ má fi mọ́tò sílẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ má fi mọ́tò sílẹ̀. Àwọn tó ń wá èèyàn láti òkè, mọ́tò ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí, torí ó tóbi, ó sì ń dán lójú oòrùn. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kéré lójú wọn bí èèrà, oòrùn á sì ti gba omi ara rẹ̀ kó tó rin ibi tó lọ́rìn-ín.

Ẹ fà á kúrò lójú ọ̀dà bó bá ṣeé ṣe. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ohun táwọn tó ń kọjá fi máa mọ̀ pé ẹ nílò ìrànwọ́ nìyẹn. Ẹ ta aṣọ láti ara ilẹ̀kùn kí ẹ fi jókòó lábẹ́ òjìji, ẹ má jókòó sínú mọ́tò tó ti gbóná. Ẹ máa mu omi. Ẹ má ṣe iṣẹ́ kankan àfi àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí táyà wa bẹ́ yẹn, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fẹsẹ̀ rìn padà. Mo dì í lọ́wọ́ mú. A ta ànkárá kan láti ara ilẹ̀kùn, a jókòó, a ń mu omi, a sì ń ka iye ìgbà tí eṣinṣin bà lé wa. Kò tó wákàtí mẹ́ta tí tírélà kan fi dúró. Awakọ̀ náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa okùn atẹ́gùn láti ara tírélà rẹ̀, ó fi kún sípíà wa, ó dúró títí a fi dì í tán, ó béèrè pé ṣé omi wa ṣì kù, ó sì lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, mo sì máa ń gbàdúrà fún un.

Bí ọjọ́ ṣe máa tẹ̀ léra

Ẹ wá ọjọ́ mẹ́wàá, ó kéré tán; mẹ́rìnlá dára jù. Ọjọ́ kìíní, Adelaide dé Port Augusta, bíi 310 kìlómítà. Ibẹ̀ ni ọjà ńlá tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó dé Alice Springs, ẹ ra gbogbo oúnjẹ àti omi níbẹ̀, ẹ sùn.

Ọjọ́ kejì, Coober Pedy, bíi 540. Lójú ọ̀nà ẹ máa gba ilẹ̀ Woomera kọjá, níbi tí àwọn ológun ti ń dán ohun ìjà wò, ẹ má yà kúrò lójú títì níbẹ̀. Láti 1915 tí wọ́n ti rí òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní opal ní Coober Pedy ni wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ń gbé inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè, nítorí inú ilẹ̀ tutù lọ́sàn-án, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lóru. Ẹ sùn sínú hòtẹ́ẹ̀lì abẹ́ ilẹ̀ lóru kan. Bí ẹ bá pa iná, ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín. Lóde, ihò kànga òkúta ṣí sílẹ̀ káàkiri, ẹ má rìn sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò.

Ọjọ́ kẹta, ẹ rìn dé Erldunda, bíi 490, ẹ sùn síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ẹ yà sápá òsì, bíi 250 kìlómítà sí Uluru. Ẹ lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Àpáta kan ṣoṣo ni, ó ga ní mítà 348, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn yí i po, kìlómítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀ ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ohun ìní àwọn Anangu, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni, ìjọba dá a padà fún wọn ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1985, ní ọjọ́ kan náà ní 2019 sì ni gígun orí rẹ̀ di èèwọ̀. Ẹ máa rí pátákó níbi mélòó kan pé kí ẹ má ya fọ́tò. Àwọn ibì kan wà tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan, òmíràn sì jẹ́ ti obìnrin nìkan. Ẹni tó bá dàgbà sí ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Orò kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un bí ẹ ṣe máa fẹ́ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún tiwa. Bákan náà, bí ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà tó wọ ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀, irú bíi Mereenie Loop, ẹ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, ẹ má sì gbé ọtí wọ abúlé tí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bá ní kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Uluru sí Alice Springs, bíi 450. Ẹ sinmi níbẹ̀, ẹ fọ aṣọ, ẹ tún mọ́tò yẹ̀ wò. Alice Springs sí Tennant Creek, bíi 500. Ẹ dúró ní Karlu Karlu lọ́nà, níbi tí òkúta ńláńlá roboto gun ara wọn lórí bí ìgbà tí ẹnì kan tò wọ́n. Láti Tennant Creek sí Katherine jẹ́ 670, ọ̀nà tó gùn jù nìyẹn, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì wẹ̀ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ Mataranka. Láti agbègbè yẹn lọ sókè, ọ̀nì wà nínú odò. Ẹ má wọ omi kankan tí kò bá sí pátákó tó sọ pé ẹ lè wọ̀ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ṣeré létí odò.

Katherine sí Darwin, bíi 320. Igi á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, atẹ́gùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ní omi nínú, ṣẹ́ẹ̀tì yín á tún rin bíi ti Èkó. Bí ẹ bá ti rí òkun, kí ẹ tó já ẹrù, ẹ pe ẹni tí ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún, kí ẹ sọ fún un pé ẹ ti dé.